Ọtí bíà líle tó ń jó ọ̀fun: ṣé sùúrù lè tún un ṣe?

Ìbéèrè, láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Benin:

"Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo pọn ọtí bíà líle kan nílé, nǹkan bí 20 lítà, pẹ̀lú ọkà báálì híhù tí àbúrò ìyá mi kó wá láti Faransé. Kí n tó da ìwúkàrà sí i, densimètre, ohun tí à ń fi wọn bí ṣúgà inú ọtí ti pọ̀ tó, fi 1090 hàn. Àpò ìwúkàrà kan ṣoṣo ni mo lò. Lọ́jọ́ kejì, ó hó débi pé ìfófòó gba ẹnu barboteur, ìdérí tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú jáde láì jẹ́ kí ti ìta wọlé, jáde, yàrá náà sì gbóná tó ìwọ̀n 30 lórí Celsius. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹfà, gbogbo rẹ̀ ti dákẹ́, densimètre sì wà ní 1034 láti ìgbà náà. Mo tọ́ ọ wò. Ó ṣì dùn díẹ̀, ó ń jó ọ̀fun, òórùn rẹ̀ sì jọ ti ohun tí wọ́n fi ń po ọ̀dà. Gbogbo ẹni tí mo bi ń sọ fún mi pé kí n ní sùúrù. Sùúrù títí di ìgbà wo? Ṣé mo lè rọ ọ́ sínú ìgò báyìí, kí n sì gbà pé yóò dára fúnra rẹ̀ tó bá fi máa di ìparí ọdún?"

* * *

Má tíì rọ ọ́ sínú ìgò. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ gbọ́, nítorí pé ìyókù ọ̀rọ̀ lè dúró, ṣùgbọ́n ìgò tó bá bú lè fọ́ ojú ènìyàn.

Ọtí tí a fi báálì híhù nìkan pọn, tó bẹ̀rẹ̀ láti 1090, sábà máa ń sọ̀ kalẹ̀ dé àyíká 1020 sí 1024 kí ìwúkàrà tó parí iṣẹ́ rẹ̀. Tìrẹ ṣì wà ní 1034. Bó o bá rántí pé ìwọ̀n ooru 20 ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ densimètre fún, tí ọtí rẹ sì gbóná tó 30 nígbà tó o wọ̀n ọ́n, a jẹ́ pé o gbọ́dọ̀ fi 2 tàbí 3 kún ohun tó o kà, èyí tó mú un wá sí nǹkan bí 1036. Ṣúgà tí ìwúkàrà ṣì lè jẹ nínú ọtí yẹn fi ìlọ́po mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ ju èyí tí à ń fi sínú ìgò láti mú kí ọtí máa hó lọ. Bí ìwúkàrà tó sùn bá jí lẹ́yìn tó o ti dé ìgò pa, ìgò kò ní gbà á.

Ní ti bí agbára rẹ̀ ti tó báyìí, yọ 1034 kúrò nínú 1090, kó o pín ìyókù sí 7,6. Wàá rí i pé nǹkan bí 7% ni. Bó bá parí sí 1020, yóò ju 9% lọ. Nítorí náà, ọtí tí kò tíì parí lo ní, kì í ṣe ọtí tó ń dúró kó dàgbà, àwọn tó ń gbà ọ́ níyànjú láti dúró sì ń da méjèèjì pọ̀.

* * *

Èrò tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn èsì táwọn òǹkàwé fi ránṣẹ́ lórí ìbéèrè yìí ni pé àkókò ń wo gbogbo àrùn ọtí sàn. Ẹnì kan tilẹ̀ rán wa létí pé ẹni tó bá ní sùúrù yóò fún wàrà kìnnìún. N kò bá òwe jà, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ibi tí wọ́n lò ó sí yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọtí dáadáa ló ti bàjẹ́ nílé wa níbí torí pé olùpọn rẹ̀ jókòó tì í, ó ń retí pé kí oṣù mẹ́fà tún ohun tó ti bàjẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta ṣe.

Àwọn ohun kan wà tí ìdúró ń tún ṣe lóòótọ́. Bí ọtí bá ń rùn bí àpù tí kò tíì pọ́n, tàbí tí adùn bọ́tà wà nínú rẹ̀, ìwúkàrà tó ṣì wà láàyè yóò padà jẹ nǹkan wọ̀nyẹn bí a bá fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ọtí náà fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì sí i. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yóò rọ̀ sílẹ̀. Ìkorò hops, òdòdó tí wọ́n fi ń mú bíà korò, bó bá le jù, yóò rọ̀ lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n jíjó ọ̀fun àti òórùn ọ̀dà tí ìwọ sọ yẹn kò sí lára wọn. Nígbà tí ìwúkàrà bá ń jẹ ṣúgà nínú ooru tó pọ̀, pàápàá jù lọ ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ń bí sí i, ó máa ń yára ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì máa ń mú àwọn irú ọtí kan jáde tó wúwo ju èyí tí à ń fẹ́ lọ. Àwọn ni àwọn Faransé ń pè ní alcools supérieurs. Wọn kì í fò lọ nínú ike tí a dé, wọn kì í bá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, ìwúkàrà kì í sì í padà wá jẹ wọ́n. Oṣù púpọ̀ lè mú kí ẹnu má fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí wọn, nítorí pé adùn mìíràn dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ohun tí àkókò lè ṣe kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kó o sì má gbàgbé pé ìwọ̀n 30 tó o kà jẹ́ ti yàrá. Ọtí tó ń hó ń mú ooru tirẹ̀ jáde, bó bá sì jẹ́ ọtí líle, inú ike lè fi ìwọ̀n mẹ́ta sí márùn-ún gbóná ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ. Ìwúkàrà bíà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń tà nínú àpò fẹ́ràn ìwọ̀n 18 sí 22, o sì mú un ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀n 33 tàbí 34. Àpò kan ṣoṣo fún 20 lítà ní 1090 tún dá kún ìyà rẹ̀. Méjì ló yẹ kó jẹ́.

* * *

Ẹni tó kọ̀wé láti Ṣábẹ̀ bínú díẹ̀, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ìyá wa ti ń pọn tchakpalo, ọtí ọkà bàbà wa, láti ìgbà pípẹ́ láìsí densimètre, ooru kì í dí wọn lọ́wọ́, ọtí wọn a sì ti délé ọlọ́tí kí ọ̀sẹ̀ tó yí, nítorí náà sùúrù tí à ń wàásù rẹ̀ yìí kò ju àṣà àlejò lọ.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀wọ̀ ta kò yín lápá kan, kí n sì gbà fún yín lápá kejì. Ọtí ọkà tí ẹ sọ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, tuntun ni wọ́n ń mu ún nígbà tó ṣì ń hó nínú igbá, kíkan rẹ̀ sì jẹ́ ara adùn rẹ̀. Ooru tó ń ba bíà líle jẹ́ ń ran irú ọtí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, nítorí pé kòkòrò tó ń mú un kan fẹ́ràn ooru. Bí ẹ bá tọ́jú rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, ọtí kíkan lásán lẹ máa bá nílẹ̀.

Àmọ́ ẹ má sọ pé kò sí sùúrù nínú rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ni sùúrù tirẹ̀ wà. Wọ́n á rẹ ọkà bàbà, wọ́n á tẹ́ ẹ, wọ́n á bò ó, wọ́n á máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi hù dé ibi tó yẹ, wọ́n á sì sá a kó gbẹ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ pípọn, ẹ ti rí ohun tí wọ́n máa ń ṣe: wọ́n á po ìyẹ̀fun náà mọ́ omi, wọ́n á jẹ́ kó tòrò, wọ́n á fi igbá bu omi òkè sọ́tọ̀, wọ́n á gbé èyí tó kì nísàlẹ̀ kaná títí yóò fi jinná bí ẹ̀kọ, lẹ́yìn tí ooru rẹ̀ bá sì ti rọlẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n á da omi òkè yẹn padà lé e lórí. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé wọ́n kàn ń fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, agbára tó ń sọ ọkà di ṣúgà wà nínú omi òkè yẹn, bí wọ́n bá sè é, yóò kú; ọkà bàbà fúnra rẹ̀ kì í sì í là dáadáa àfi kó gbóná ju èyí tí agbára náà lè fara dà lọ. Ọgbọ́n tí wọ́n fi borí ìṣòro méjèèjì nìyẹn, n kò sì rí ohun tó wú mi lórí jù ú lọ nínú gbogbo iṣẹ́ ọtí pípọn.

Ohun tí mo ń sọ ni pé ọtí kọ̀ọ̀kan ní ibi tó ti ń béèrè ìfarabalẹ̀. Èyí tó ń béèrè rẹ̀ lórí ọkà híhù yàtọ̀ sí èyí tó ń béèrè rẹ̀ lórí ooru ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́.

* * *

Lórí bí a ṣe lè mú ike tutù, àríyànjiyàn pọ̀. Ẹni tó wà ní Kétu ní aṣọ tútù tí a fi wé ike tó. Ẹni tó wà ní Ouando, ní Àjàṣẹ́, ní òun ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí ohun tó yí padà. Àwọn méjèèjì ló ń sọ òótọ́.

Aṣọ tútù ń mú nǹkan tutù nítorí pé omi ara rẹ̀ ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́. Ohun kan náà ló mú kí omi inú àmù máa tutù nígbà tí ti inú ike bá lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lásìkò ọyẹ́ ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀, afẹ́fẹ́ gbẹ, omi sì ń yára kúrò lára aṣọ. Ṣùgbọ́n ní Àjàṣẹ́, létí ọ̀sà, afẹ́fẹ́ kún fún ọ̀rinrin ní èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún, aṣọ náà á kàn wà níbẹ̀ ní tútù ni, kò ní mú ooru púpọ̀ lọ. Ẹni tó bá wà ní Àjàṣẹ́ ní láti gbé ike rẹ̀ sínú abọ́ ńlá tí omi kún dé ìdajì ike, kó sì máa pààrọ̀ ìgò omi dídì nínú rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Omi púpọ̀ tó yí i ká yìí tún ń gba ìgò dídì là, nítorí pé bí iná bá lọ fún wákàtí díẹ̀, ooru kì í gòkè lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn kan dábàá fíríìjì. Ó dára bó bá jẹ́ ti ọtí nìkan, tí a sì so nǹkan tó ń wo ìwọ̀n ooru mọ́ ọn. Fíríìjì ilé lásán yóò tutù jù, ìwúkàrà yóò sùn, a ó sì tún padà síbi ìṣòro 1034.

Ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́ ni gbogbo wàhálà yìí wà fún. Lẹ́yìn tí ìhó ńlá bá ti lọ sílẹ̀, ẹ lè jẹ́ kí ọtí padà sí ìwọ̀n 24 sí 26, nítorí pé ooru yẹn kò mú oró wá mọ́, ó sì ń gba ìwúkàrà tó ti rẹ̀ níyànjú láti parí ìyókù. Ìlú wa kì í ṣe ọ̀tá ọtí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló ti yẹ ká dáàbò bo ọtí.

* * *

Ẹnì kan béèrè ìdí tí a fi ń fìyà jẹ ara wa nígbà tí kveik wà.

Ìbéèrè tó dára ni. Kveik ni ìwúkàrà táwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Nọ́wè ti ń gbé láti ìran dé ìran. Ó lè ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀n 30 sí 40 láì mú jíjó ọ̀fun tí à ń sọ yìí wá. Wọ́n máa ń sá a gbẹ, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí wọ́n tún fẹ́ pọn ọtí, bí àwọn ìyá tó ń pọn tchoukoutou, ọtí ọkà bàbà, ní àríwá Benin ṣe ń tọ́jú kpètè-kpètè, ìwúkàrà tiwọn, láti inú ọtí àná. Bó o bá rí i rà, rà á. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré lo fẹ́ pọn ọtí líle, tí kò sí ìgò omi dídì nílé rẹ, kveik ni kó o lò, kó o má wulẹ̀ gbìyànjú èyí tó kù.

Ohun tí n kò fara mọ́ ni pé ó rọ́pò gbogbo ohun mìíràn. Ọ̀pọ̀ kveik ní òórùn ọsàn tàbí èso tirẹ̀, ọtí líle bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í sì í ní adùn rẹ̀ gan-an bí a bá fi í pọn ọn. Ìwúkàrà saison, irú bíà kan ní Bẹ́ljíọ̀mù, náà fara da ooru, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: àwọn kan nínú wọn lè já ṣúgà tí ìwúkàrà mìíràn kì í lè jẹ, wọ́n á sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn tí barboteur ti dákẹ́. Ẹni tó bá lo irú wọn gbọ́dọ̀ dúró pẹ́ ju ẹni tó lo ìwúkàrà lásán lọ.

* * *

Ṣúgà ńkọ́? Ẹni tó ń gbé nítòsí oko ìrèké Ṣábẹ̀ ní òun máa ń da ṣúgà sí i kó lè le. Kò burú. Àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ń mú kí ọtí líle má wúwo lẹ́nu. Àmọ́ má ṣe dà á sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí pé ìwúkàrà yóò jẹ ti ìrọ̀rùn tán, kò sì ní fẹ́ jẹ ti báálì mọ́. Jẹ́ kó di ọjọ́ kẹta, kó o yọ́ ọ nínú omi gbígbóná díẹ̀, jẹ́ kó tutù, kó o rọra dà á sí i. Oyin náà rí bẹ́ẹ̀.

* * *

Nípa ọkà tó ti bu: ẹ dà á nù. Ẹni tó béèrè bóyá híhó yóò pa ohun tó wà nínú àgbàdo tó bu, ìdáhùn mi ni pé rárá. Májèlé aflatoxin kì í kú nínú ìkòkò tó ń hó lórí iná, àkókò kò sì lè mú un lọ. Kò sí ìdí tí a ó fi máa jiyàn lórí èyí.

* * *

Ó ku èrò àwọn tó ní ọtí líle gbọ́dọ̀ pé ọdún kan kí a tó mu ún, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ìwé àwọn òyìnbó wí.

Òótọ́ ni pé àwọn ọtí kan wà níbẹ̀ tí ọdún ń ṣe lóore. Ṣùgbọ́n Westmalle Tripel, tí àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn Bẹ́ljíọ̀mù ti ń pọn láti 1934, tó sì ní 9,5% ọtí nínú, wọ́n ń tà á láì jẹ́ kó pé ọdún. Agbára nìkan kì í ṣe ìdí láti tọ́jú ọtí. Ọtí dúdú tó kún fún adùn ọkà ló ń jàǹfààní jù. Èyí tó mọ́ tàbí tó ní òórùn hops púpọ̀, ńṣe ló ń pàdánù ohun tó dára lára rẹ̀ lójoojúmọ́.

Èkejì, èyí tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù, ni pé àjà ilẹ̀ tó tutù ní ìwọ̀n 10 sí 13 ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n kọ ọdún kan. Yàrá wa ní Àjàṣẹ́ jẹ́ 28. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó wọ inú ìgò nígbà tí à ń rọ ọtí ń bá a jà kíákíá nínú ooru, àwọn onímọ̀ sì máa ń fojú bù ú pé irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ń yára ní ìlọ́po méjì fún ìwọ̀n 10 kọ̀ọ̀kan tí ooru bá fi ga sí i. Ẹni tó bá fi ìgò rẹ̀ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní Àjàṣẹ́ fún ọdún kan ti mú ọtí náà darúgbó kọjá bí olóyìnbó tó kọ ìwé yẹn ti lè rò. Òórùn páálí ló máa ń kọ́kọ́ fi hàn. Ní tèmi, oṣù méjì sí mẹ́ta nínú yàrá tó, lẹ́yìn náà kí ìgò wọ fíríìjì, kí ó wà níbẹ̀ bó ti wù ú kó pẹ́ tó.

* * *

Ẹni tó béèrè ti padà wá. Ó ní òun fi ìwúkàrà tuntun sí i gẹ́gẹ́ bí ẹnì kan ṣe sọ, ó wọ́n ọn gbẹrẹfu lójú ọtí, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Kò lè ṣẹlẹ̀. Ìwúkàrà gbígbẹ tí a da sínú ọtí tó ti ní 7% àti oúnjẹ díẹ̀ yóò kú kó tó jí. Mú ìdajì lítà omi ṣúgà tó rọra lágbára, sè é, jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó o fi ìwúkàrà sí i. Nígbà tó bá ń hó gidigidi, bu ìwọ̀n kan náà nínú ọtí rẹ sí i, kó o dúró títí yóò fi tún gbéra sókè. Ìgbà yẹn ni kó o wá rọra da gbogbo rẹ̀ sínú ike, láìsí ìró omi, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ọtí fẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni oró tó ń pa á báyìí. Mi ike náà jẹ́jẹ́ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè dìde, jẹ́ kó wà ní ìwọ̀n 24 sí 26, kó o sì fi í sílẹ̀.

Má ṣe máa wo barboteur. Ó lè dákẹ́ torí pé ìdérí kò dé dáadáa, ó sì lè máa ta lọ́sàn-án torí pé oòrùn mú yàrá gbóná. Densimètre ni kó o gbà gbọ́. Wọ̀n ọ́n, dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, tún un wọ̀n. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá dọ́gba, tí ó sì wà nísàlẹ̀ 1025, o lè rọ ọ́. Ṣúgà grámù márùn-ún fún lítà kọ̀ọ̀kan tó, kó o lo ìgò bíà tó nípọn, irú èyí tí ilé iṣẹ́ máa ń gbà padà, kì í ṣe ìgò tín-ín-rín.

Ní ti jíjó ọ̀fun yẹn, n kò ní tàn ọ́: díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò kù. Mu ún ní tútù, nínú ife kékeré, pẹ̀lú ẹran tàbí ẹja gbígbẹ tó lata, kó o sì fi ọtí tí wàá tún pọn sínú abọ́ omi láti wákàtí àkọ́kọ́. Kọ ọjọ́ tó o rọ èyí àti nọ́ńbà tó parí sí lára ìgò kọ̀ọ̀kan. Ṣí ọ̀kan lóṣooṣù. Bí èyí tó o ṣí bá ru sókè kọjá ẹnu ìgò, kó gbogbo ìyókù sínú fíríìjì lọ́jọ́ náà gan-an, fi aṣọ nípọn wé ọwọ́ rẹ kó o tó fọwọ́ kàn wọ́n, kó o sì tú ìdérí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí wọ́n bá ti tutù.